Ipò Kòkòrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì: Àgbéyẹ̀wò Èrò Àwọn Onímọ̀ lórí Ìdínkù àti Ìyípadà

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé ni bóyá kòkòrò ń dín kù lóòótọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọkọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti àwọn ìlú tó yí òkè rẹ̀ ká, àbí iye wọn kò yingin ṣùgbọ́n tí irú wọn ń pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan oúnjẹ àti owó àwọn ará agbègbè yìí tààrà. Òdòdó kòkó kéré, ara ìtì àti ẹ̀ka igi ló lẹ̀ mọ́, ewé òdòdó náà sì ṣe bí fìlà bo lẹ́búlẹ́bú tí akọ fi ń gbin abo débi pé afẹ́fẹ́ kò lè gbé e, oyin pàápàá sì tóbi jù fún un. Kòkòrò kan tí kò gùn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀fọn, ló ń wọnú rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ yìí, inú èèpo kòkó tó ń jẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ló sì ti ń bímọ. Bí kòkòrò yìí bá tán nínú oko, igi kòkó yóò kàn máa tanná lásán ni.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀pọ̀ oríṣi ohun abẹ̀mí ni àpapọ̀ irú ẹranko, igi, koríko àti kòkòrò tó wà ní ibì kan, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe pọ̀ tó. Ìmójútó iye kòkòrò, ní tirẹ̀, ni kí a máa ka kòkòrò ní ojú kan náà, ní ọ̀nà kan náà, ní àsìkò kan náà lọ́dọọdún, kí a lè mọ èyí tó ń pọ̀ sí i àti èyí tó ń rẹ̀yìn. Níwọ̀n bí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti máa ń mú kí iye kòkòrò lọ sókè sódò gidigidi láti ọdún kan sí èkejì, kíkà ọdún méjì tàbí mẹ́ta kò lè fi ibi tí nǹkan ń lọ hàn; ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Igbó ló wà ní gúúsù Èkìtì, ọ̀dàn ló sì ń gbilẹ̀ bí a ti ń lọ sí àríwá, nígbà tí òkè olókùúta Ẹ̀fọ̀n, ìsun omi gbígbóná àti tútù ti Ìkọ́gòsì àti ìṣàn omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò fún àwọn kòkòrò tó fẹ́ òjìji àti ọ̀rinrin ní ibi ìsádi. Kòkòrò igbó àti kòkòrò ọ̀dàn pàdé níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìdáhùn ọlọ́rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò fi rọrùn.

Àwọn tó gbà pé kòkòrò ń tán lọ

Ìwádìí tó gbé èrò yìí dé etí gbogbo ayé jáde ní 2017, nígbà tí Caspar Hallmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò lórí ohun tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò ìlú Krefeld ní Jámánì ti kó jọ. Ẹgbẹ́ náà dẹ pańpẹ́ aṣọ tó dà bí àgọ́ fún kòkòrò tí ń fò ní ibi 63 láti 1989 dé 2016, wọ́n sì ń wọn ìwúwo ohun tó bá kó sínú rẹ̀. Láàárín ọdún 27 náà, ìwúwo yìí fi ohun tó lé ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ìjọba ń dáàbò bò ni gbogbo ibi tí wọ́n dẹ pańpẹ́ sí. Ní 2019, Francisco Sánchez-Bayo àti Kris Wyckhuys kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n sì sọ pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún irú kòkòrò tó wà láyé ló lè pa rẹ́ láàárín ẹ̀wádún mélòó kan tó ń bọ̀.

Agbára ẹ̀ka èrò yìí ni pé ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwọ̀n, ó sì jí àwọn ènìyàn lójú oorun. Àléébù rẹ̀ ni pé Yúróòpù ló ti wá, àti pé àwọn tó kọ ìwé ti 2019 fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìdínkù wá àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ, èyí tó mú kí àwọn ìwádìí tó rí ìpọ̀sí bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá wọn wí lórí rẹ̀, ìbáwí náà sì tọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó fara mọ́ èrò yìí a máa tọ́ka sí sányán. Ara ilé tí àwọn kòkòrò kan tí ń di labalábá òru jọ ń hun sórí igi ni wọ́n ti ń rí òwú sányán gidi: àwọn ọmọ kòkòrò náà ń gbé pọ̀, wọn a sì hun àpò kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jọ ń wọ̀ kí wọ́n tó gba ìyẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ ewé igi ìrà, ẹ̀yà mìíràn tí a mọ̀ sí ẹ̀kùkù sì ń jẹ ewé arère, igi tí àwọn agégẹdú kì í fojú fò. Àwọn àgbà tí ń já àpò náà wálé, tí wọ́n ń fi omi eérú sè é kí wọ́n tó ran án, ti di ẹni ìwákúwàá, aṣọ púpọ̀ tí a sì ń pè ní sányán lónìí, òwú lásán tàbí òwú ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi hun ún. Ó rọrùn láti sọ pé kòkòrò ló tán. Ṣùgbọ́n owó tí ń wọlé fún aránwùú kò tó nǹkan, iṣẹ́ náà le, àwọn ọ̀dọ́ sì lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ lè kú nígbà tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà lórí igi. Ẹ̀rí sányán dá lórí arère àti ìrà tí a gé ju kòkòrò tí a kà lọ.

Àwọn tó sọ pé irú kòkòrò ló ń pààrọ̀

Ẹ̀ka kejì kò sẹ́ pé nǹkan ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ní iye nìkan kọ́ ni ká máa wò. Ní 2014, Maria Dornelas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ 100 láti oríṣiríṣi ibi láyé, wọ́n sì rí i pé iye irú ohun abẹ̀mí tó wà ní ibì kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù ní àpapọ̀, àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ ní ìparí. Ní 2020, Roel van Klink àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ 166 láti ibi 1,676 jọ. Ìṣirò wọn fi hàn pé kòkòrò orí ilẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, nígbà tí kòkòrò inú omi ń fi nǹkan bí ìdá 11 pọ̀ sí i. Ibi tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ló wà ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, Áfíríkà kò sì ní ju díẹ̀ bíńtín lọ nínú rẹ̀.

Ibi tí èrò yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni ọ̀rọ̀ tata, kòkòrò aláwọ̀ ewé òun ìyeyè tí gbogbo olóko ẹ̀gẹ́ mọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zonocerus variegatus. Ní àwọn ọdún 1970, R. F. Chapman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lé e lórí ní gúúsù Nàìjíríà, òun, W. W. Page àti A. R. McCaffery sì kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà jọ sínú ìwé kan ní 1986. Abo tata máa ń kóra jọ sí ojú kan lábẹ́ ìbòòji, á ti ìdí bọ ilẹ̀, á sì yé ẹyin sí i. Ẹyin náà yóò wà nínú ilẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òjò, nígbà tí òjò bá sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn ọmọ dúdú abìlà yóò jáde, tí wọn yóò ṣù jọ sórí koríko kí wọ́n tó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé tútù ti ṣọ̀wọ́n.

Koríko tí wọ́n sábà máa ń ṣù lé náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ló ti wá, ní nǹkan bí 1937 ló sì wọ Nàìjíríà, tí ó dàpọ̀ mọ́ irúgbìn igi gẹdú tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Nígbà tó gba gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan, àwọn ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ olóṣèlú, àwọn kan ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀. Ó ń bo ilẹ̀ tí a ti ṣán, tí a sì fi sílẹ̀ láti sinmi, ó ń fún tata ní ìbòòji tó fẹ́ yé ẹyin sí, òdòdó rẹ̀ sì ní oró kan tí tata ń wá kiri, tí ó ń kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ tí àwọn ọ̀tá kò fi fẹ́ fẹnu kàn án. Bí igbó ti ń di oko, tí oko sì ń di ilẹ̀ ewé Akíntọ́lá, ni tata ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wọn ìwúwo gbogbo kòkòrò nínú oko ẹ̀gẹ́ kan ní Arámọkọ lóṣù Kejì lè rí i pé ó pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ó sì ṣì í rò pé nǹkan ń lọ dáadáa.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó sún mọ́ àkókò wa ju ti tata lọ. Ní 2016, Georg Goergen ti ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé kòkòrò ajẹ̀gbàdo kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dé Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí i ní Áfíríkà. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àìlera ẹ̀ka yìí ni pé ó lè dá àwọn aláṣẹ lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ. Bí a bá ní iye irú kòkòrò kò dín kù, ẹni tí kò fara balẹ̀ gbọ́ lè rò pé kòkòrò igbó tó lọ àti kòkòrò oko tó gba ipò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó lọ lè máà sí níbòmíràn láyé.

Àwọn tó ń fi ilẹ̀ wé ilẹ̀

Níbi tí kò ti sí àkọsílẹ̀ ọdún pípẹ́, àwọn onímọ̀ kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọ́n á ka kòkòrò nínú igbó tí a kò tíì dá, wọ́n á kà á nínú oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀, wọ́n á sì gbà pé ìyàtọ̀ àárín wọn ni ohun tí àkókò ti ṣe. Tim Newbold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà yìí ní 2015 pẹ̀lú àkójọ iṣẹ́ láti gbogbo àgbáyé, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ìlò ilẹ̀ ti fi ìdá 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún dín iye irú ohun abẹ̀mí ibì kọ̀ọ̀kan kù ní ìpíndọ́gba. Charlotte Outhwaite àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e débi kòkòrò ní 2022: níbi tí iṣẹ́ oko alágbára ti pàdé ilẹ̀ tó ti ń gbóná sí i, iye kòkòrò fi ìdá 49 kéré sí ti ibi tí a kò fọwọ́ kàn púpọ̀, irú wọn sì fi ìdá 27 kéré sí i. Wọ́n tún rí i pé níbi tí igbó ṣì pọ̀ yí oko ká, àdánù náà kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn olóko kòkó Ẹ̀fọ̀n àti Ẹ̀rìnjìyàn gbọ́, nítorí pé kòkó tó wà lábẹ́ igi ńlá yàtọ̀ gedegbe sí èyí tó wà nínú oòrùn gbangba.

Ọ̀nà yìí yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì bá ilẹ̀ wa mu. Àmọ́ igbó tó ṣẹ́kù lórí òkè lè jẹ́ èyí tí òkúta rẹ̀ le jù láti dá lóko láti ìbẹ̀rẹ̀, kí kòkòrò inú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ kí àdá tó kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ìkìlọ̀ mìíràn wá láti igbó Mbalmayo ní Kamẹrúùnù, níbi tí John Lawton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka ẹyẹ, labalábá, ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn, èèrà, ikán àti àwọn aràn inú ilẹ̀ pọ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1998 ni pé kò sí èyí tó lè ṣojú fún àwọn tó kù. Ẹni tó ka labalábá ní Ìpólé-Ìlórò kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ikán tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó di ẹ̀bi ru oògùn oko

Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn olóko kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gammalin 20 pa kòkòrò tí ń fa oje kòkó mu. Oògùn náà kì í tètè jẹrà. Àjọ àgbáyé fi ohun tí wọ́n fi ṣe é sínú àdéhùn Stockholm ní 2009 kí wọ́n lè mú un kúrò nílẹ̀. Àwọn oògùn apakoríko ló gbòde báyìí, àjọ NAFDAC, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, sì fòfin de ọ̀kan nínú wọn, paraquat, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Pé oògùn ń pa kòkòrò kò ní àríyànjiyàn nínú. Ibi tí ẹ̀ka yìí ti mẹ́hẹ ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ iye oògùn tí oko kọ̀ọ̀kan ń lò sílẹ̀, àti pé oko àti oògùn jọ ń rìn ni: ibi tí a ti ń fín oògùn jù ni a ti gé igi jù, ó sì ṣòro láti ya ẹ̀bi ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ìrántí àgbà àti àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn

Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ kò dúró de onímọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé tanátaná kò pọ̀ lálẹ́ mọ́, tàbí pé ìrẹ̀ àti ikán abìyẹ́ tí ń jáde lẹ́yìn òjò kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé irú ìrántí yìí yẹ ní kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé ẹni tó ti ń dáko lójú kan láti ogójì ọdún rí ohun tí olùwádìí ọ̀sẹ̀ méjì kò lè rí. Àwọn mìíràn ní ìrántí a máa tẹ̀ síbi ọdún tó dára jù, pé ìran kọ̀ọ̀kan sì ń ka ohun tó bá ní kékeré sí bó ṣe yẹ kí nǹkan rí. Òtítọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì; iná mànàmáná tó tàn dé ìgboro nìkan tó láti mú kí ojú má rí tanátaná mọ́.

Orísun kan tí kì í sábà wá sí ọkàn ni ìwé ilé ìwòsàn. Ní 1958, àwọn oníṣègùn méjì, Wright àti Morley, kọ̀wé nípa àìsàn gbígbọ̀n kan tí ń ṣe àwọn ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Morley sì ṣiṣẹ́ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Òkèmẹ̀sí ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Bọ́lá Adámọ́lékún so àìsàn yìí mọ́ jíjẹ ẹ̀kùkù nígbà òjò fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní èròjà aṣaralóore kan tí kòkòrò náà ń bà jẹ́ nínú ara. Bí ilé ìwòsàn bá pa ìwé rẹ̀ mọ́, iye àwọn tí àìsàn náà ń ṣe lọ́dọọdún lè jẹ́ òjìji iye ẹ̀kùkù tí ń wọ ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí àfarawé ni, kì í ṣe kíkà.

Bí a ṣe lè kà á

Ìyàtọ̀ tún wà lórí ọ̀nà kíkà. Iná alẹ́ ń kó labalábá òru àti ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn, ṣùgbọ́n òṣùpá ń dín ohun tó ń kó kù. Ike tí a rì mọ́lẹ̀ títí dé ẹnu ń kó èyí tí ń rìn nílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí a fi sínú àpò àwọ̀n, ń fa labalábá igbó mọ́ra. Rírìn ojú ọ̀nà kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sì ná ni ju àkókò lọ. Ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń ka kòkòrò lọ́nà tó wà létòlétò láti 1964. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà kò ṣófo: láti 1974 dé 2002 ni ètò ìgbógunti àrùn ìfọ́jú etí odò fi ń da oògùn sódò láti pa ìdin kòkòrò tí ń fà á, ní orílẹ̀-èdè bíi Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí àwọn olùwádìí sì ń ka àwọn kòkòrò omi mìíràn àti ẹja bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ohun tó mú un wà pẹ́ ni pé ìlera ènìyàn ló wà nídìí owó rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Owó ìwádìí sábà máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ọdún 35 sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí ó tó fẹ̀yìn tì. Onímọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà ní ọjọ́ tó gba iṣẹ́, tí kò sì dáwọ́ dúró, kò lè gbé ju àkọsílẹ̀ kan tó tó ti Krefeld jáde ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ló yẹ kí irú iṣẹ́ yìí wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan.

Ohun tó kù tí a kò tíì yanjú

Nínú gbogbo èrò wọ̀nyí, ti àwọn tó ní irú kòkòrò ló ń pààrọ̀ ló bá ohun tí a mọ̀ nípa ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mu jù, tí ìlò ilẹ̀ sì jẹ́ ìdí tó hàn jù fún un. Ṣùgbọ́n kò tíì yé ẹnikẹ́ni bóyá kòkòrò tí ń gbin òdòdó kòkó wà lára àwọn tó ń rẹ̀yìn. A kò tíì ya iṣẹ́ oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àdá. Bóyá àwọn odò tó ń ti òkè Ẹ̀fọ̀n ṣàn wálẹ̀ ń bá ìpọ̀sí kòkòrò omi tí van Klink rí lọ, tàbí erùpẹ̀ ìwakùsà ní agbègbè Ìjerò ń yí tiwọn padà, ìbéèrè tó ṣí sílẹ̀ ni. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera ti ìpínlẹ̀ náà wà ní Ìjerò gan-an, àwọn ilé ìwé girama sì wà ní gbogbo ìlú tí a dárúkọ. Ojú ọ̀nà mẹ́rin tí a ó máa rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan ní Ìjerò, ọ̀kan ní Arámọkọ, ọ̀kan ní Ẹ̀fọ̀n àti ọ̀kan ní Ìkọ́gòsì, pẹ̀lú ìwé kan tí kò ní sọnù, tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí níkàáwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí igbó tó ṣẹ́kù lórí òkè tó di oko.